Ẹ Kú Àìrà: Ìyá Bàbá Mi àti Adìẹ Inú Tẹlifíṣàn

Ohun àkọ́kọ́ tí a jà lé lórí lẹ́yìn tí ìyá bàbá mi kú ni màlúù. Òkú wọn ò tíì pẹ́ ní mọ́ṣúárì tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Àǹtí Rèmí, fi ti Abẹ́òkúta dé sí yàrá wa ní Òkokomáìkò. Wọ́n jókòó, wọ́n sunkún, wọ́n nu ojú, wọ́n wá bèèrè pé, "Màlúù mélòó la máa pa?"

Bàbá mi ní kò sówó màlúù.

"Ta ló ń fi owó ara ẹ̀ sìnkú?" ni Àǹtí Rèmí wí. "A máa yá a ni. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ mi á yá mi ní díẹ̀. Ìwọ náà, lọ bá àwọn èèyàn ẹ ní Àlàbá. Àbí ṣé bí ẹni sin adìẹ lo fẹ́ sin Màmá ni?"

Bàbá mi wo ilẹ̀, wọ́n ní àwọn máa lọ sí Àlàbá ní Sátidé.

Mo wà níbẹ̀. Inú mi bàjẹ́, ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀rín sì tún ń pa mí, ó sì yẹ kí n ṣàlàyé bí gbogbo ẹ̀ ṣe lè wà nínú èèyàn kan lẹ́ẹ̀kan náà. Inú mi bàjẹ́ nítorí pé mo fẹ́ràn Màmá. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí pé mo mọ bí ilé wa ṣe rí nígbà tí gbèsè ń gbé pẹ̀lú wa, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, mi ò tíì ríṣẹ́, mo mọ̀ pé orí èmi náà ni gbèsè tuntun máa já lé. Ẹ̀rín ń pa mí nítorí pé ká ní Màmá fúnra wọn ló wà lórí ìjókòó yẹn, tí ẹnì kan wá dá wọn lábàá pé kí wọ́n yáwó ra màlúù, wọn ì bá ti gbé ọwọ́ lé onítọ̀hún níwájú orí, kí wọ́n wò ó bóyá ibà ni.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé wọn. Mi ò mọ ọdún tí wọ́n bí Màmá, àwọn náà ò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ orí wọn máa ń lọ sókè tí wọ́n bá fẹ́ kí èèyàn dìde fún wọn nínú bọ́ọ̀sì, á sì wálẹ̀ wẹ́rẹ́ tí wòlíì bá ní kí àwọn arúgbó wá síwájú fún àdúrà. Irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, kí àwa tí a mọ̀ wọ́n má bàa sọ wọ́n di áńgẹ́lì. Màmá kì í ṣe áńgẹ́lì. Áńgẹ́lì ò lè ní ahun tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí gbèsè ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí mo wà ní práìmárì, bàbá mi ń tún tẹlifíṣàn ṣe ní Ọjà Àlàbá. Iṣẹ́ náà ń bọ́ wa. Àmọ́ ó sú wọn láti máa tún ti ẹlòmíràn ṣe, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ máa tà. Wọ́n bá gba tẹlifíṣàn tòkunbọ̀ rẹpẹtẹ ní àwìn lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣòwò kan, ọmọ Ìbò, tó ń jẹ́ Bóní. Wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù wọn, lábẹ́ páànù tó ti dógùn-ún. Kò pẹ́ tí òjò fi rọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, omi ń dà jáde láti inú tẹlifíṣàn bí ẹni tó ń fún kàn-ìn-kàn-ìn.

Ohun tí bàbá mi ṣe lẹ́yìn ìyẹn, mi ò rò pé ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ tẹlifíṣàn lè láyà láti ṣe é. Wọ́n kó wọn wá sílé, wọ́n ṣí ẹ̀yìn wọn, wọ́n sì sá gbogbo wọn sóòrùn níwájú ilé. Bí oòrùn bá ti yí, wọ́n á yí tẹlifíṣàn náà. Àwọn tó ń kọjá lọ sí Ìyànà Ìbà ń dúró wòran. Màmá jáde, wọ́n fara ti ìlẹ̀kùn, wọ́n wo ọmọ wọn fún ìgbà pípẹ́.

"Délé," ni wọ́n wí, "tó bá gbẹ tán, ṣé a máa lọ̀ ọ́ ni?"

Kò sí èyí tó ṣiṣẹ́. Ọ̀kan tan, ó dún bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ó rú èéfín, ó dákẹ́. Àwọn yòókù ò tilẹ̀ gbìyànjú. Bí a ṣe di onígbèsè nìyẹn, nínú ilé tí yàrá ẹ̀ kọjú síra wọn, tí gbogbo ayálégbé ń gbọ́ ohun tí a bá sọ.

Ṣùgbọ́n Màmá ò lè rí nǹkan kí wọ́n máa wò ó lásán. Pákó ni ara tẹlifíṣàn ìgbà náà, ó sì tóbi bí àpótí aṣọ. Nígbà tí bàbá mi ti tú inú wọn tà fún àwọn tó ń wá èèlò, Màmá kó àwọn àpótí náà sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n kan wáyà olójú wẹ́wẹ́ mọ́ ibi tí gíláàsì wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ra adìẹ sí i. Báyìí ni adìẹ ṣe ń gbénú tẹlifíṣàn. Tí o bá dúró síwájú ẹ̀, wàá rí adìẹ láàárín férémù, á máa wò ẹ́, á máa yí ọrùn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ ka ìròyìn. Àwọn ọmọ inú ilé a gbé àpótí ìjókòó wá síwájú ẹ̀. Àbúrò mi Káyọ̀dé a máa bẹ adìẹ pé kó sọ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

Lákòókò yẹn, ìyàwó onílé wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Onílé, nìkan ló ní tẹlifíṣàn tó láwọ̀ nínú ilé. Wọ́n máa ń ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí a lè mọ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n rẹ́rìn-ín sí ti Màmá, wọ́n ní kí Màmá bá àwọn yí ìkànnì. Màmá ò bínú. Wọ́n sáà na ọwọ́ sínú àpótí, wọ́n mú ẹyin gbígbóná kan jáde.

"Tẹlifíṣàn tiyín ń jẹ iná," ni wọ́n wí. "Tèmi ń yé ẹyin."

Ẹyin yẹn la fi ń san gbèsè, pẹ̀lú aṣọ tí ìyá mi ń rán àti tẹlifíṣàn ẹlòmíràn tí bàbá mi padà sídìí ẹ̀. Màmá ló ń ru ẹyin lọ sí Ìbà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì háyà yàrá sí. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì máa ń gbọn ẹyin, àmọ́ a mọ̀ pé owó ọkọ̀ ló ń gbọn wọ́n. Wọ́n á sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹyin tó ti inú tẹlifíṣàn jáde dára fún ìdánwò. Ọ̀pọ̀ wọn rà á. Nígbà tí èmi náà dé yunifásítì, mo bá olùkọ́ kan pàdé níbẹ̀ tó ṣì ń bèèrè bóyá Ìyá Ẹlẹ́yin wà láyé.

Àwa tí a ní adìẹ kì í jẹ ẹyin. Lọ́jọ́ ìbí mi kan, mo bẹ Màmá pé kí wọ́n se ẹyin kan péré fún mi. Fúnmi ni orúkọ mi, àmọ́ oríkì ni wọ́n fi ń pè mí. Wọ́n gbé ẹyin náà lé àtẹ́lẹwọ́, wọ́n rọra wò ó bí ẹni pé àwọn náà fẹ́ fún mi.

"Àṣàkẹ́," ni wọ́n wí, "ẹyin yìí kì í ṣe tiwa. Ẹyin Bóní ni. Tó bá wá, kí o tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀."

Mo sunkún ọjọ́ yẹn. Mo fẹ́ kó yé ẹni tó ń ka èyí pé kì í ṣe ebi ló pa mí lẹ́kún. Ohun tó dùn mí ni pé ẹyin náà wà níbẹ̀, ó gbóná, mo lè fọwọ́ kàn án, kò sì jẹ́ tiwa. Kò sẹ́ni tó tún ní láti ṣàlàyé fún mi mọ́ ohun tí gbèsè jẹ́.

Ìgbà tí gbèsè bẹ̀rẹ̀, bàbá mi sá. Wọn ò sá lọ sílùú òkèèrè o, ṣáláńgá ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń sá sí. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn Bóní lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á wọ ibẹ̀, wọ́n á ti ìlẹ̀kùn, títí tí Bóní á fi sọ̀rọ̀ tán, tó máa lọ. Ìyá mi a sọ pé wọ́n rìnrìn àjò. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kan, Bóní kó ọmọkùnrin méjì wá. Ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi lòun máa gbé. Ìyá mi dì mọ́ ẹ̀rọ náà. Màmá ti yàrá jáde, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n ní kí Bóní jókòó.

"Mama, mi ò fẹ́ jókòó," ni Bóní wí. "Oga Délé dà? Every time, travel, travel. Ṣé pílọ́ọ̀tì ni?"

"Kò rìnrìn àjò kankan," ni Màmá wí. "Ó wà ní ṣáláńgá. Jókòó, ọmọ mi. Oòrùn ti mú. Kò lè pẹ́ níbẹ̀."

Àwọn ayálégbé tó ń ṣe bí ẹni pé wọn ò gbọ́ wá jáde síta pátápátá. Bóní jókòó. Àwa náà jókòó. Oòrùn mú sí i. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìlẹ̀kùn ṣáláńgá dún, bàbá mi jáde, òógùn bò wọ́n, eṣinṣin ń bá wọn bọ̀. Wọn ò lè gbé ojú sókè.

Màmá sọ fún Bóní pé kó má gbé ẹ̀rọ ìránṣọ, torí tó bá gbé e, kò sí ohun tí a ó fi sanwó. Wọ́n ní kó máa wá ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, àwọn fúnra wọn ló máa bá, àwọn ló sì máa ka owó lé e lọ́wọ́, bó ti wù kó kéré mọ. Bóní wo bàbá mi, ó fi ọwọ́ bo imú, ó gbà. Mo rò pé òórùn yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó tètè gbà.

Bàbá mi ò bá ìyá wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ní ìyá wo ló ń tú ọmọ ẹ̀ fó báyẹn. Màmá gbé oúnjẹ síwájú wọn lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ náà pé, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí bàbá mi ṣì máa ń sọ tí wọ́n bá ti mu díẹ̀:

"Délé, mi ò bí ọmọ sí ṣáláńgá."

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni Màmá gbé kíkí tiwọn kalẹ̀. Wọ́n ní kò yé àwọn. Wọ́n ní a ń kí ẹni tó jókòó, a ń kí ẹni tó dìde, a ń kí ẹni tí òjò pa àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bàtà, àmọ́ ẹni tó fẹ́ ra bàtà, tó ní owó ẹ̀ lọ́wọ́, tó fojú rí i, tó sì fi í sílẹ̀ nítorí gbèsè ilé, kò sẹ́ni tó ń kí i, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣiṣẹ́ jù. Láti ìgbà náà, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, a ó jókòó yí Màmá ká, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sọ ohun tó lè rà lọ́sẹ̀ yẹn tí kò rà. Màmá á kọ́kọ́ pariwo, "Ẹ kú àìrà o!" Gbogbo wa á gbè é. Ẹni tí a kí á dáhùn pé, "Ó kù díẹ̀!"

Bí ó ṣe máa ń lọ nìyí. Ìyá mi á ní, "Mo rí léèsì búlúù kan ní Ìyànà Ìbà. Mo fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ń tà á ti ń dì í fún mi. Mo ní ó dìgbà kan ná."

"Ìyá Fúnmi, o kú àìrà o!"

"Ó kù díẹ̀, Mà."

Káyọ̀dé, tó ti rí i pé ariwo náà dùn, á ní, "Èmi ò ra mọ́tò."

"Èló ló wà lápò ẹ?" ni Màmá bi í.

"Kọ́bọ̀ mẹ́wàá."

"Kí ni kọ́bọ̀ mẹ́wàá lè rà?"

"Gúgúrú."

"Ṣé o ra gúgúrú?"

Káyọ̀dé wo òrùlé.

"A ò kí ẹ lọ́sẹ̀ yìí," ni Màmá wí. "Ẹni tó kàn."

Bàbá mi ní àwọn ò ra bíà. Màmá ní kí wọ́n sún mọ́ àwọn, kí wọ́n mí sí àwọn nímú. Bàbá mi mí. Màmá ní, "Ta ló rà á?"

"Ọ̀rẹ́ mi kan ni, Mà. Kọ́bọ̀ mi ò sí níbẹ̀."

"Ó dáa. Ọ̀rẹ́ ẹ la máa bá kẹ́dùn."

Mo mọ̀ pé ó dà bí eré. Eré náà ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n sọ bó ṣe máa ń rí lára mi, torí pé n kò rí nǹkan mìíràn tó rí bẹ́ẹ̀ rí. Ní ilé ìwé, ojú máa ń tì mí nítorí báàgì mi, tó jẹ́ àpò sìmẹ́ńtì tí ìyá mi rán. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì ni mò ń tijú. Tó bá wá di Sátidé, tí mo bá sọ pé àwọn ọ̀rẹ́ mi ra bisikíìtì, mo sì ní owó, mi ò rà á, tí gbogbo ilé bá pariwo lé mi lórí, pẹ̀lú bàbá mi tó ń pàtẹ́wọ́, ìtìjú ọ̀sẹ̀ náà á ṣe bí ẹni pé ó ti di nǹkan tí mo ṣe fúnra mi, tí kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe sí mi. Mo bi Màmá nígbà kan ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ pariwo tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní, "Ẹni tó ra nǹkan, nǹkan náà á bá a pariwo. Ẹni tí kò rà á, àwa la máa bá a pariwo."

Wọ́n gbé ìwà yìí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Aláṣọ funfun ni wá. Wòlíì rí ìran sí Màmá, ó ní kí wọ́n mú àbẹ́là méje wá, pẹ̀lú òróró àti àgbọn. Màmá kúnlẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n ní kí wòlíì jọ̀ọ́ kó bá àwọn bèèrè lọ́wọ́ Ẹ̀mí bóyá á gba mẹ́ta. Wòlíì ní ohun tí Ẹ̀mí sọ kò ṣe é dín. Màmá ní kó sáà bèèrè. Wòlíì dijú, ó pẹ́ díẹ̀, ó lajú, ó ní Ẹ̀mí gba márùn-ún. Màmá ní kó padà lọ.

Mẹ́ta náà ni wọ́n padà mú lọ, èyí tó kù lára ọdún ìkórè tó kọjá. Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, inú wọn dùn gan-an. "Ọlọ́run ò le," ni wọ́n wí. "Àwọn ìránṣẹ́ ẹ̀ ló le."

Ìjà tó tóbi jù tí Màmá jà ní Òkokomáìkò, kíkí wọn ló fà á, àsìkò tí wọ́n sì rò pé àwọn ń ṣe dáadáa jù ló ṣẹlẹ̀. Ìyá Onílé ń ṣe ìsọmọlórúkọ ọmọ ọmọ wọn. Àlejò kún iwájú ilé. Ìyá Onílé jáde nínú léèsì àtijọ́ kan tí gbogbo wa ti mọ̀ láti ọdún tó ti pẹ́. Màmá rí i. Ojú wọn tàn. Wọ́n rò pé níkẹyìn, ẹlòmíràn nínú ilé yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ọgbọ́n. Wọ́n dìde láàárín àlejò, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ìyá Onílé! Ẹ kú àìrà o!"

Gbogbo àlejò yíjú sí léèsì náà.

"Èmi?" ni Ìyá Onílé wí. "Ta ló sọ fún yín pé mi ò rà? Ẹ wo ayálégbé mi! Ẹni tí adìẹ ń gbénú tẹlifíṣàn ẹ̀!"

"Mò ń yìn yín ni!"

"Ẹ má yìn mí! Ẹ san owó ilé tí ẹ jẹ!"

A ò jẹ owó ilé. Ohun tó dun Màmá jù nìyẹn, torí pé àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ san. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí àwọn méjèèjì bá pàdé nídìí kànga, ẹnì kọ̀ọ̀kan á kí garawa ẹnì kejì. Nígbà tó yá, wọ́n padà bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ kúulé," àmọ́ kíkí ti Sátidé yẹn, Màmá ò fi í kan Ìyá Onílé mọ́ títí wọ́n fi kú. Bàbá mi ní kí wọ́n lọ tọrọ àforíjì. Màmá kọ̀.

"Kíkí tó dára jù tí mo ní ni mo fún un," ni wọ́n wí. "Àbí èwo ni kí n tún fún un?"

Nígbà tí mo bá rò ó báyìí, mo rí i pé Màmá ò mọ̀ pé kíkí náà ò dùn létí ẹni tí kò bá jẹ gbèsè pẹ̀lú wa. Létí tiwa, oyè ni. Létí Ìyá Onílé, a ń sọ fún ayé pé owó ti tán lọ́wọ́ wọn.

Bóní ń wá lóṣooṣù. Màmá á ka owó lé e lọ́wọ́, bó bá ti ń dìde báyìí, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, o ò ní ra ẹyin fún ìyàwó ẹ?" Bóní ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀ fún àgbàlagbà. Á ra ẹyin. Díẹ̀ nínú owó tí Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ san fún un á padà sábẹ́ ìró wọn kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ó rí i, ó mọ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún bàbá mi lọ́jọ́ kan pé, "Délé, your mama go collect this debt from me finish."

Mo ti dé kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdírì nígbà tí gbèsè náà tán. Mo rò pé Màmá máa jó, tàbí kí wọ́n sunkún. Wọ́n sáà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n kó gbogbo ẹyin ọjọ́ yẹn wá, wọ́n tan sítóòfù. Wọ́n ní àwọn ò ní jẹ níbẹ̀, torí pé ẹyin máa ń jẹ́ kí àwọn só. A bó ti wa, a fi iyọ̀ sí i. Mo rántí pé mò ń wo ìlẹ̀kùn bóyá Bóní ń bọ̀. Màmá wò wá títí, wọ́n bá na ọwọ́, wọ́n mú méjì.

"Ẹ jẹ́ kí n só," ni wọ́n wí. "Ẹyin ti di tiwa."

Wọn ò fi ahun sílẹ̀ o. Nígbà tí mò ń lọ sí yunifásítì, a ṣì ń jókòó ní Sátidé, a ṣì ń kí ara wa. Lọ́jọ́ kan, èmi àti Màmá jọ ń bọ̀ láti Ìbà, a kọjá ibi tí wọ́n ti ń ṣe òkú. Wọ́n dí títì pa, wọ́n so màlúù mọ́ òpó iná, ọmọ olóòkú sì ń bá ẹni tó háyà àga fún un jà lórí owó. Màmá dúró, wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n mi orí.

"Òkú yẹn ò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti jẹ gbèsè," ni wọ́n wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dún létí mi nígbà tí bàbá mi wọ bàtà ní Sátidé, lẹ́yìn ikú Màmá, tí wọ́n lọ sí Àlàbá láti lọ yáwó lọ́wọ́ Bóní. Bóní ti di ọ̀gá ńlá, á yá wọn. Mo fẹ́ dá wọn dúró, àmọ́ bàbá mi ni, ìyá wọn ló kú, ta ni mo jẹ́ tí màá sọ fún wọn bí wọ́n ṣe máa sin Màmá?

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé. Àǹtí Rèmí wà lórí ìjókòó Màmá. Ìyá mi àti Káyọ̀dé wà lórí ibùsùn. Ìyá Onílé ti wá kí wa, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi gèlè bo èjìká.

"Èló ló fún ẹ?" ni Àǹtí Rèmí bèèrè.

Bàbá mi bọ́ bàtà. "Mo dé iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀," ni wọ́n wí. "Ó rí mi, ó juwọ́ sí mi. Ó ti dìde pé kí n máa bọ̀. Mo sáà rí i pé ẹsẹ̀ mi ń wá ṣáláńgá kiri." Wọ́n nu ojú. "Mo yà padà. Mi ò yá a, Àǹtí. Mi ò ra màlúù."

"Délé, o fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní Abẹ́òkúta!"

"Mi ò ra màlúù."

Gbogbo wa mọ ohun tó kàn, ọjọ́ Sátidé ni, bàbá mi sì ti sọ ohun tí wọn ò rà. Àmọ́ Màmá ló máa ń kọ́kọ́ pariwo, kò sì sẹ́ni tó mọ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láìsí Màmá. Mo ṣí ẹnu, ẹkún ló wà níbẹ̀. Mo pa á dé.

Ìyá Onílé húkọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Fúnmi," ni wọ́n wí.

"Mà."

"Ẹ kú àìra màlúù o."

Wọ́n sọ ọ́ jẹ́ẹ́, ojú wọn ò sì kúrò nílẹ̀. Bàbá mi, láìronú, dáhùn bí wọ́n ṣe máa ń dáhùn láti ọjọ́ pípẹ́ wá. "Ó kù díẹ̀, Mà."

"Kí ló tún kù?" ni Káyọ̀dé bèèrè.

Bàbá mi ronú sí i. "Màmá ló kù," ni wọ́n wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ sin wọ́n."

Àǹtí Rèmí bẹ̀rẹ̀ ẹkún, àárín ẹkún ni ẹ̀rín ti gbà á lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n máa lè sọ̀rọ̀, wọ́n bèèrè pé kí la máa wá fún àwọn èèyàn jẹ. Ìyá mi ní ẹyin. Ìyá Onílé ní ìkòkò wa kéré, àwọn máa gbé tiwọn wá.

Ẹyin náà la sè, pẹ̀lú ìrẹsì díẹ̀. Bóní wá, ó jẹ mẹ́ta, ó ní owó òun ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìsìnkú, kí ẹnikẹ́ni tó bọ́jú, bàbá mi fọ ìkòkò Ìyá Onílé, wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n sì gbé e padà fún wọn lẹ́nu ọ̀nà, kí Màmá má bàa gbọ́ níbi tí wọ́n wà pé a jẹ ẹnì kan ní ìkòkò.